Táyà Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Ń Jò: Bí A Ti Í Lẹ̀ Ẹ́ àti Bí A Ti Í Dènà Rẹ̀

Afẹ́fẹ́ kò ṣeé rí, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé dì mú, ṣùgbọ́n òun ni ó ń gbé ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú táyà, kẹ̀kẹ́ di ẹrù. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ ń gbé lọ tẹ́lẹ̀ ni yóò wá máa ti kẹ̀kẹ́ lọ. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ ohun tí ó ń jẹ́ kí táyà jò, bí a ti í lẹ̀ ẹ́, àti bí a ti í ṣe é tí kò fi ní í máa jò lemọ́lemọ́.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń wí kì í ṣe Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí a ń fi ẹsẹ̀ wà.

Ẹ̀yin ará Onípáànù, Ṣómólú àti Bàrígà mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé nìkan. Ẹni tí ń kiri búrẹ́dì ń gùn ún. Mẹ́gádì ń gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú lè fi gbé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lọ fún oníbàárà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September ọdún 2022 ni òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi de ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ṣómólú. Ní oṣù May ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi òpin sí owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù, owó ọkọ̀ sì fò sókè. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ṣùgbọ́n bí táyà rẹ̀ bá jò ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, búrẹ́dì a tutù, oníbàárà a ra ti ẹlòmíràn, ọ̀gá ibi iṣẹ́ a sì máa wo aago.

Ohun tí ó wà ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́

Ohun márùn-ún ni ó yẹ kí a mọ orúkọ wọn. Èkíní ni ríìmù, irin roboto tí ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ká. Èkejì ni sípóòkù, àwọn irin tín-ín-rín tí ó so ríìmù mọ́ àárín. Ẹ̀kẹta ni túùbù, rọ́bà fẹ́lẹ́ tí ó dà bí ìfun. Òun ni ó ń gba afẹ́fẹ́ sínú. Ẹ̀kẹrin ni fáàfù, ẹnu túùbù, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ̀karùn-ún ni táyà fúnra rẹ̀, awọ líle tí ó bo túùbù tí ó sì ń tẹ ilẹ̀.

Láyé àtijọ́, rọ́bà líle tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni wọ́n fi ń bo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ẹni tí ó gùn ún ń mọ̀ lára. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Boyd Dunlop, ọmọ Scotland tí ń ṣe dókítà ẹran ní ìlú Belfast ní ilẹ̀ Ireland, ni ó fi rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1887. Ní ọdún 1888 ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ara ti tu ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́, láti ìgbà náà náà sì ni táyà ti ń jò.

Orúkọ fọ́kanáísà pẹ́ ju ti Dunlop lọ. Ní ọdún 1844, Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí bí a ti í fi imí ọjọ́ àti iná se rọ́bà kí ó má bàa máa yọ́ nínú ooru. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní òrìṣà kan tí ó ni iná àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, Vulcan ni orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Ògún ti ni iṣẹ́ irin lọ́dọ̀ tiwa. Orúkọ òrìṣà yìí ni wọ́n fi pe iṣẹ́ rọ́bà sísè náà. Láti ibẹ̀ ni a ti ń pe ẹni tí ń lẹ̀ táyà ní fọ́kanáísà.

Ibi tí ihò wà ni yóò sọ ohun tí ó fà á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìṣó nìkan ní í jẹ́ kí táyà jò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ibi tí ihò wà lára túùbù, ẹ ó mọ ohun tí ó fà á.

Bí ihò bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ó sì wà ní apá tí ó kọjú sí ilẹ̀, nǹkan ni ó gún un láti ìta. Ó lè jẹ́ ìṣó, àfọ́kù ìgò, tàbí pín-ìn-nì tí wọ́n gbá jáde láti ilé ìtẹ̀wé. Ó sì lè jẹ́ okùn irin. Okùn irin tín-ín-rín ń bẹ nínú táyà ọkọ̀ ńlá. Bí irú táyà bẹ́ẹ̀ bá bẹ́ lórí títì Ìkòròdú, irin inú rẹ̀ a tú ká sí etí ọ̀nà. Ó rí tín-ín-rín bí irun, ojú lásán kì í tètè rí i.

Bí ihò bá jẹ́ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ohun tí ó gún túùbù. Afẹ́fẹ́ ni kò tó. Kẹ̀kẹ́ já sí kòtò, tàbí ó kọlu etí gọ́tà, ríìmù sì fún túùbù mọ́ ilẹ̀ bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá fún ọmọ ìka.

Bí ihò bá wà ní apá inú, níbi tí ó kọjú sí ríìmù, orí sípóòkù ni ó gún un. Ọ̀já kan wà tí ó yẹ kí ó bo orí àwọn sípóòkù náà. Ọ̀já yẹn ti já tàbí ó ti yẹ̀.

Bí ẹ kò bá rí ihò kankan, tí táyà sì ń rọ̀ ní òru, ẹ wo fáàfù. Ẹ tọ́ itọ́ díẹ̀ sí ẹnu rẹ̀. Bí itọ́ náà bá ń hó, fáàfù ni ó ń jò. Nínú fáàfù àwọn kẹ̀kẹ́ ti àtijọ́, rọ́bà kékeré kan wà tí ó bo irin inú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí ìfun ẹyẹ. Bí rọ́bà yìí bá gbó, afẹ́fẹ́ a máa yọ́ jáde. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra túùbù tuntun nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà kékeré yìí nìkan ni ó gbó.

Bí a ti í lẹ̀ túùbù

Ẹ wá ṣíbí méjì, póǹpù, abọ́ omi kan, àkísà, bíró, sáǹpépà, sólúṣọ̀n àti rọ́bà ìlẹ̀. Bí kò bá sí rọ́bà ìlẹ̀ tí wọ́n ń tà, ẹ gé e lára túùbù àlòkù. Ẹ gé e roboto, nítorí igun a máa ṣí.

1. Ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì wo ara táyà yíká. Bí ìṣó bá há sí i, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.

2. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Ẹ tú fáàfù kí afẹ́fẹ́ tí ó kù lè jáde. Kò pọn dandan kí ẹ tú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kúrò, pàápàá ti ẹ̀yìn tí ṣéènì wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá ti mọ ibi tí ihò wà, ẹ lè fa túùbù yọ níbẹ̀ kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ lára kẹ̀kẹ́.

3. Ẹ ki ìdí ṣíbí kan bọ abẹ́ etí táyà, ní òdìkejì fáàfù. Ẹ gbé etí táyà sókè kúrò nínú ríìmù. Ẹ fi ṣíbí kejì ṣe bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá a lọ. Ẹ má lo ọ̀bẹ, ẹ má sì lo sukurudíráfà. Ẹ ó kàn fi ihò kún ihò ni.

4. Ẹ fa túùbù jáde, kí ẹ sì fẹ́ ẹ díẹ̀. Ẹ tì í bọ inú omi, apá kan lẹ́yìn apá kan. Níbi tí omi bá ti ń hó, ihò wà níbẹ̀. Bí kò bá sí omi, ẹ gbé túùbù sún mọ́ ètè yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde. Bí ẹ bá rí ihò kan, ẹ má dúró. Ẹ wò ó títí dé òpin, nítorí ihò lè ju ẹyọ kan lọ.

5. Ẹ nu túùbù gbẹ. Ẹ fi bíró sàmì sí ihò náà. Ẹ fi sáǹpépà ha ibẹ̀ títí tí kò fi ní í dán mọ́. Bí rọ́bà ìlẹ̀ bá jẹ́ ti túùbù àlòkù, ẹ ha òun náà.

6. Ẹ fi sólúṣọ̀n pa ibẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ó fẹ̀ ju rọ́bà ìlẹ̀ lọ díẹ̀. Bí rọ́bà ìlẹ̀ bá jẹ́ ti túùbù àlòkù, ẹ fi pa òun náà. Wàyí o, ẹ ní sùúrù. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5, títí tí ibẹ̀ kò fi ní í tutù mọ́. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, nítorí omi wà nínú èémí ẹnu. Ìkánjú níhìn-ín ni ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ rọ́bà ìlẹ̀ ṣí kí ilẹ̀ tó ṣú.

7. Ẹ tẹ rọ́bà ìlẹ̀ mọ́ ihò náà, láti àárín lọ sí etí. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

8. Ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká. Bí àkísà bá kọ́ níbì kan, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́.

9. Ẹ fẹ́ túùbù díẹ̀ kí ó má bàa ká. Ẹ ki fáàfù bọ ojú ihò rẹ̀ ná, kí ẹ tó to ìyókù sínú táyà. Ẹ fi ọwọ́ ti etí táyà padà, ẹ má fi ṣíbí tì í. Ẹ parí rẹ̀ síbi fáàfù.

10. Ẹ wò ó yíká bóyá túùbù há sí abẹ́ etí táyà. Bí kò bá há, ẹ fẹ́ ẹ kí ó le.

Ẹ rántí o: sólúṣọ̀n a máa gbiná. Ẹ má lò ó nítòsí sítóòfù tàbí ẹni tí ń mu sìgá. Ẹ sì gbé e kúrò níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó.

Ẹ yọ ẹ̀gún kí ẹ tó di ọgbẹ́

Nínú gbogbo ohun mẹ́wàá wọ̀nyí, ìkẹjọ ni àwọn ènìyàn ń fò jù. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan.

Ká sọ pé ọkùnrin kan ń kiri búrẹ́dì láti Onípáànù dé Bàrígà. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jò ní ọjọ́ Ajé. Ó sanwó, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ó tún jò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó sanwó, wọ́n lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó tún jò ní Ọjọ́rú, inú bí i. Ó ní sólúṣọ̀n ayédèrú ni. Ó ti kẹ̀kẹ́ lọ bá fọ́kanáísà mìíràn.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi wá túùbù tuntun. Èyí ti bàjẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ ná. Ṣé wọ́n fi ọwọ́ wo inú táyà yìí?"

"Ṣé táyà ló ń jò ni? Túùbù ló ń jò."

Fọ́kanáísà náà fi àkísà nu inú táyà. Àkísà kọ́. Okùn irin kan, tí kò gùn tó ìrẹsì, ni ó yọ orí sínú táyà. Ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kan náà ni wọ́n wà. Owó ìlẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta àti èrè búrẹ́dì àárọ̀ mẹ́ta ti lọ sórí irin tí ọmọ ìka méjì lè fà yọ.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlákà tọ alábẹ lọ. Alábẹ kì í sì í fi ọ̀já wé ẹsẹ̀ kí ó tó yọ ẹ̀gún. Bákan náà ni táyà. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbé e fún fọ́kanáísà, ẹ bi í léèrè pé, "Kí ni ó gún un?" Bí kò bá tíì rí i, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ ka ohun tí táyà ń wí

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ìwé kíkà, ìwé wà lára táyà yín. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kà á.

Ẹ ó rí iye tí ó tóbi tó. Lára kẹ̀kẹ́ ńlá ti àtijọ́, a sábà máa ń rí 28 × 1½. Lára kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ nípọn, a máa ń rí 26 × 1.95. Nọ́ńbà kìn-ín-ní ni gíga rẹ̀ ní íǹṣì, èkejì sì ni bí ó ti nípọn tó. Ẹ ṣọ́ra: 26 × 1⅜ àti 26 × 1.95 kì í ṣe ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 26 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ríìmù wọn yàtọ̀.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń tẹ nọ́ńbà mìíràn sí i, bíi 40-635 tàbí 50-559. Nọ́ńbà ẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni ìwọ̀n ríìmù. Bí ẹ bá fẹ́ ra táyà tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà ti àtijọ́ sí ìwé kékeré lọ sí ọjà. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn kò bá bá ara wọn mu, táyà náà kò ní í wọ ríìmù yín, ohun yòówù kí ẹni tí ń tà á wí.

Ẹ ó tún rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà P.S.I. tẹ̀ lé. Òun ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí táyà lè gbà. Bí MAX bá wà níwájú rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ táyà kẹ̀kẹ́ ń gba 40 sí 65. Táyà mọ́tò kékeré sábà máa ń gba 30 sí 35. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé kẹ̀kẹ́ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó le ju ti mọ́tò lọ. Mọ́tò ní táyà mẹ́rin tí ó fẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ní méjì tóóró. Nítorí náà, bí fọ́kanáísà bá fẹ́ fẹ́ táyà yín, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ fún un, kí ẹ sì wo géèjì rẹ̀. Ẹ ní kí ó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Túùbù kẹ̀kẹ́ kéré, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ a máa tètè bẹ́ ẹ.

Bí a ti í dènà rẹ̀

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Ẹ fún táyà ní afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí kò tilẹ̀ jò. Rọ́bà kò dí tán pátápátá. Afẹ́fẹ́ ń yọ́ gba ara rẹ̀ jáde. Táyà ẹ̀yìn ni kí ẹ wò jù, nítorí òun ni ó ń gbé ẹrù.

Lálẹ́, kí ẹ tó wọlé, ẹ yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì wo ara táyà. Ìgò tí ó lẹ̀ mọ́ táyà kì í sábà wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ ti ń yí ni ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kí ó tó dé túùbù.

Ẹ má gùn ún létí gọ́tà gan-an. Gbogbo ohun tí mọ́tò bá gbá kúrò lójú títì, etí ọ̀nà ni ó ń kó sí. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìgò bọ́ sí àárín títì Ìkòròdú o. Ẹ gba àwọn òpópónà inú ìgboro, kí ẹ sì yẹra fún omi tí ó dá rogodo lẹ́yìn òjò. Ẹ kò mọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìgò sì máa ń tètè gé rọ́bà tí ó tutù.

Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí abẹ́ ibòji. Oòrùn ń mú kí rọ́bà sán. Ẹ má fi kẹrosín tàbí epo ẹ́ńjìnnì nu táyà, ó ń bà á jẹ́.

Bí táyà bá jò lójú ọ̀nà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ rọ̀, túùbù rẹ̀ a ya, táyà a gé, ríìmù a tẹ̀. Ohun tí rọ́bà ìlẹ̀ kan ìbá tún ṣe ti di owó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ odindi. Bí ó bá sì jẹ́ táyà iwájú, ó lè gbé ènìyàn ṣubú síwájú mọ́tò.

Ìgbà tí a kì í lẹ̀ mọ́

Bí túùbù bá ya níbi ìdí fáàfù, ẹ ra òmíràn. Ìlẹ̀ kì í dúró níbẹ̀. Bí òwú inú táyà bá ti yọ síta, táyà ti gbó. Bí táyà bá gé díẹ̀, fọ́kanáísà lè fi awọ táyà àlòkù tẹ́ inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní géétà. Èyí yóò gbé yín délé, ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó táyà tuntun. Ilé-iṣẹ́ Dunlop ní Ìkejà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2008. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú táyà kẹ̀kẹ́ tí à ń rà ti ń wá, owó rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé owó dọ́là. Ẹni tí ó bá tọ́jú èyí tí ó ní, owó ni ó ń tọ́jú.

Àwọn ìbéèrè

1. Bí ihò méjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára túùbù, kí ni ó fà á?

2. Kí ni ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ sólúṣọ̀n?

3. Kí ni a ń fi àkísà wá nínú táyà?

4. Ẹ lọ wo táyà kẹ̀kẹ́ kan ní àdúgbò yín. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ iye P.S.I. rẹ̀.